Orí Karùn-ún: Yíyan Káàdì Hótẹ́ẹ̀lì àti Síso Wọ́n Pọ̀, fún Ẹni tó Ń Gba Mafolúkù Wọlé

Ta ni orí yìí wà fún?

Mafolúkù wà lára àwọn àdúgbò tó fara ti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Láti ọdún 1979 tí wọ́n ti ṣí pápákọ̀ náà ni àdúgbò yìí ti ń gba àlejò tó balẹ̀ lóru àti arìnrìn-àjò tí kò fẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó mú òun pàdánù ọkọ̀ òfurufú. Ìdí nìyẹn tí ilé ìtura kéékèèké fi pọ̀ níbẹ̀.

Orí yìí wà fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba, tó máa ń wálé fún ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, tó sì ń fẹ́ kí káàdì tó fi ń ra oúnjẹ àti epo lọ́hùn-ún bá òun san owó yàrá nílé. Ó tún wà fún òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé ní Mafolúkù fúnra rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ní Houston tàbí Peckham fẹ́ fi pọ́ìntì gba yàrá fún.

Ìlànà kan ló wà nídìí gbogbo ohun tí ẹ ó kà níbí: pọ́ìntì kò níye lórí ju owó tí ì bá jáde lápò yín lọ. Ibi tí ẹ ti máa ń sùn ní tòótọ́ ni kí ẹ fi yan káàdì. Ẹ má fi ẹ̀bùn tí báǹkì ń polówó yàn án.

Bí káàdì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Káàdì hótẹ́ẹ̀lì ni káàdì kírẹ́díìtì tí báǹkì kan àti ẹgbẹ́ hótẹ́ẹ̀lì kan pawọ́ pọ̀ ṣe. Báǹkì ló ń yá yín lówó, hótẹ́ẹ̀lì ló ń fún yín ní pọ́ìntì. Ọ̀nà mẹ́rin ni èrè rẹ̀ ń gbà wọlé:

1. Ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá ná iye kan láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ pọ́ìntì á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.
2. Pọ́ìntì orí ìnáwó: gbogbo dọ́là tí ẹ bá fi káàdì ná ń mú pọ́ìntì wá. Èyí tí ẹ bá ná nínú hótẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ náà ló ń mú púpọ̀ jù wá.
3. Alẹ́ ọ̀fẹ́ ọdọọdún: àwọn káàdì kan ń fún yín ní alẹ́ kan lọ́dún, tó ní iye pọ́ìntì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá.
4. Ipò: Silver, Gold àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ipò ló ń mú kí wọ́n fún yín ní oúnjẹ àárọ̀, yàrá tó dára jù, tàbí àyè láti pẹ́ kí ẹ tó jáde.

Ohun tó lè jẹ gbogbo èrè yìí run ni èlé. Èlé orí káàdì ní Amẹ́ríkà sábà máa ń lé ní 20% lọ́dún, kò sì sí pọ́ìntì tó lè bá a dọ́gba. Àwọn àgbà ní àjẹsílẹ̀ gbèsè ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ̀wá tó ná. Ẹni tó bá ń ti gbèsè káàdì láti oṣù kan bọ́ sí òmíràn, kó kọ́kọ́ san án tán ná kó tó gba káàdì tuntun. Ẹni tó lè san gbogbo rẹ̀ lóṣooṣù nìkan ni àwọn ìmọ̀ràn tó kù máa ṣe láǹfààní.

Ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ ò nílò káàdì kankan kí ẹ tó di ọmọ ẹgbẹ́. Marriott Bonvoy, Hilton Honors, ALL ti Accor àti Radisson Rewards, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó ń gbé ní Mafolúkù, tó ń fi káàdì náírà sanwó lórí POS, lè kó pọ́ìntì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti New York dé. Ní òpin ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì Nàìjíríà dá ìnáwó òkè òkun lórí káàdì náírà dúró. Ìyẹn kò dí ẹni tó sùn sí hótẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà lọ́wọ́, nítorí náírà náà ló san níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní, ọ̀dọ̀ hótẹ́ẹ̀lì náà gan-an ni kí ẹ ti gba yàrá, lórí ìkànnì tàbí áàpù tirẹ̀. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ alágbàtà bí Booking.com tàbí Hotels.ng, pọ́ìntì kì í sábà wọlé, ipò yín kì í sì í ṣiṣẹ́. Èkejì, pọ́ìntì máa ń kú. Ti Marriott àti Hilton máa ń kú bí àkáǹtì bá wà fún oṣù 24 láìsí nǹkan kan tó wọlé tàbí tó jáde; ti Accor kò ju ọjọ́ 365 lọ. Ẹni tó ń wálé ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta gbọ́dọ̀ mọ èyí, nítorí ìnáwó kékeré lórí káàdì hótẹ́ẹ̀lì tó láti jẹ́ kí pọ́ìntì ẹgbẹ́ náà wà láàyè.

Ẹgbẹ́ wo ló wà nítòsí Mafolúkù?

Ọ̀pọ̀ ilé ìtura inú Mafolúkù ló jẹ́ ti aládàáni. Wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, wọn ò sì gba pọ́ìntì. Àwọn tó ń gbà á wà ní ọ̀nà pápákọ̀ àti ní Ìkẹjà:

• Marriott Bonvoy: Lagos Marriott Hotel Ikeja wà ní GRA Ìkẹjà, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Sheraton Lagos wà ní Mobolaji Bank Anthony Way láti àwọn ọdún 1980. Protea náà wà ní Ìkẹjà, nítorí Marriott ra ẹgbẹ́ Protea ní 2014. Bí ẹ bá kọjá sí erékùṣù, Four Points by Sheraton wà ní Victoria Island.
• Hilton Honors: Legend Hotel Lagos Airport, tó wà lábẹ́ Curio Collection, wà ní àyíká pápákọ̀ gan-an. Ẹni tó bá tún ń lọ sí Àbújá yóò rí Transcorp Hilton níbẹ̀.
• Accor: ibis Lagos Airport ló wà ní ọ̀nà pápákọ̀. Ẹni tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kùtọnu yóò rí ibis àti Novotel Orisha.
• Radisson: Radisson Blu wà ní Isaac John Street ní GRA Ìkẹjà, Park Inn sì wà ní Abẹ́òkúta.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ Radisson. Ní 2022, ẹgbẹ́ Choice ra àwọn Radisson tó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Áfíríkà àti Yúróòpù kò sí nínú ọjà yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá kó pọ́ìntì Choice jọ sí Dallas kò lè fi sùn ní Radisson Blu Ìkẹjà, bí orúkọ náà tilẹ̀ jọra.

Ẹ tún ṣọ́ra fún hótẹ́ẹ̀lì tó ń pààrọ̀ àsíá. Eko Hotel, tó ti wà láti 1977, ti jẹ́ Holiday Inn rí, ó ti jẹ́ Le Méridien rí, òun nìkan ló wá ń dá dúró báyìí. Èyí tó jẹ́ InterContinental ní Victoria Island ti di Lagos Continental. Sheraton Àbújá náà ti di Abuja Continental. Kí ẹ tó gba káàdì nítorí hótẹ́ẹ̀lì kan, ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí áàpù ẹgbẹ́ náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, pọ́ìntì yín kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ná pọ́ìntì

Iye tí wọ́n kọ sára yàrá kọ́ ni iye tí ẹ ó san. VAT jẹ́ 7.5%, òfin Èkó ti 2009 sì fi 5% lé ìnáwó hótẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ. Àwọn hótẹ́ẹ̀lì kan tún ń gba owó ìṣẹ́sìn. Bí ẹ bá fi pọ́ìntì gba yàrá, owó yàrá kò sí, owó-orí tó gùn ún lẹ́yìn náà kì í sábà sí.

Ẹ jẹ́ ká ní yàrá kan jẹ́ ₦200,000. VAT rẹ̀ á jẹ́ ₦15,000, owó-orí Èkó á jẹ́ ₦10,000, àpapọ̀ á di ₦225,000. Bí hótẹ́ẹ̀lì náà bá ń gba pọ́ìntì 25,000 fún yàrá kan náà, pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan tó ₦9. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan ní ₦1,500, ìyẹn jẹ́ sẹ́ǹtì 0.6. Ẹ ṣe irú ìṣirò yìí fún ìlú méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ máa ń lọ, ẹ ó sì mọ ibi tí pọ́ìntì yín ti níyì jù.

Ìbéèrè kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn: bí pọ́ìntì kò bá sí, ṣé ẹ̀yin ì bá san ₦225,000 yẹn? Bí ó bá jẹ́ pé ilé ìtura ₦50,000 ní Mafolúkù ni ẹ̀yin ì bá sùn sí, tí ó mọ́, tí ó ní iná àti omi, ₦50,000 ni pọ́ìntì 25,000 gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan di ₦2. Á dára kí ẹ san owó ní Mafolúkù, kí ẹ fi pọ́ìntì pamọ́ de London tàbí New York, níbi tí yàrá olówó pọ́ọ́kú ti ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ọmọ kékeré àti àgbàlagbà lẹ́yìn, tí hótẹ́ẹ̀lì ńlá sì jẹ́ dandan fún yín lóru ọjọ́ tí ẹ dé, owó gidi ni pọ́ìntì yẹn ń dá dúró. Ẹ ná an láìwẹ̀yìn.

Àwọn káàdì tó yẹ ní yíyẹ̀ wò

Báǹkì máa ń yí owó ọdọọdún àti ẹ̀bùn padà, nítorí náà ẹ fi iye tí mo kọ síbí wé èyí tó wà lórí ìkànnì báǹkì kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Hilton Honors ti American Express: kò gba owó ọdọọdún rárá, ó sì ń fúnni ní ipò Silver. Kì í bu owó kún ìnáwó òkè òkun. Bí Legend Hotel bá wà lójú ọ̀nà yín, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbówó lórí ni Surpass, ní $150 lọ́dún. Ó ń fúnni ní Gold, Gold sì ń mú oúnjẹ àárọ̀ wá fún ẹni méjì ní hótẹ́ẹ̀lì Hilton tí kò sí ní Amẹ́ríkà.

Marriott Bonvoy Boundless ti báǹkì Chase: $95 lọ́dún. Ní ọdọọdún, ó ń fúnni ní alẹ́ kan tí kò ju pọ́ìntì 35,000 lọ, ẹ sì lè fi pọ́ìntì tó tó 15,000 kún un bí yàrá bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí pé Marriott ló ní hótẹ́ẹ̀lì jù ní Ìkẹjà, òun ló bá ẹni tó ń gba Mafolúkù wálé lọ́dọọdún mu jù.

IHG One Rewards Premier ti Chase: $99, pẹ̀lú alẹ́ kan tí kò ju pọ́ìntì 40,000 lọ. Bí ẹ bá fi pọ́ìntì gba alẹ́ mẹ́rin léraléra, ọ̀fẹ́ ni ìkẹrin. Ẹni tó máa ń dúró ní Accra ní Holiday Inn ẹ̀bá pápákọ̀, tó jẹ́ ti IHG, tàbí ní London, ni yóò jèrè rẹ̀. Ẹni tí kì í kúrò ní Ìkẹjà kò nílò rẹ̀.

World of Hyatt ti Chase: $95. Pọ́ìntì Hyatt níyì púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ibi ìpàdé òṣìṣẹ́ ní Chicago tàbí Atlanta ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ gbà á. Ẹ má tìtorí Èkó gbà á.

Ní Ìlú Ọba, Marriott Bonvoy American Express wà níbẹ̀, ní £95 lọ́dún. Ẹ béèrè iye tó ń bù kún ìnáwó òkè òkun kí ẹ tó gbé e wá sílé.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà kò ní àkọsílẹ̀ gbèsè níbẹ̀, ìyẹn sì máa ń mú kí báǹkì kọ̀ ọ́. American Express máa ń gba àkọsílẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ Nova Credit, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹni tó yá owó báǹkì ní Èkó, tó san án dáadáa, lè rí i pé ìwà rere yẹn tẹ̀ lé òun dé òkè òkun.

Bí a ṣe ń so káàdì pọ̀

Káàdì méjì tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ fi káàdì kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ti wúlò: ọ̀kan fún hótẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan fún ìnáwó ojoojúmọ́.

Ìsopọ̀ kìíní, fún ẹni tí kì í wálé lọ́dọọdún: Hilton Honors tí kò gba owó ọdọọdún, pẹ̀lú Visa tàbí Mastercard kan tí kì í bu owó kún ìnáwó òkè òkun. Visa tàbí Mastercard yẹn ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe gbogbo POS ní Èkó ló ń gba American Express.

Ìsopọ̀ kejì, fún ẹni tó ń wálé lọ́dọọdún: Marriott Boundless, àti Chase Sapphire Preferred fún ìnáwó ojoojúmọ́, $95 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pọ́ìntì Sapphire lè bọ́ sí Marriott, IHG tàbí Hyatt, nítorí náà kò so yín mọ́ ẹgbẹ́ kan. Ẹ má tètè gbé e lọ sí Marriott. Ìgbà tí pọ́ìntì díẹ̀ bá kù kí yàrá tó pé ni kí ẹ gbé ìwọ̀nba tó kù kún un. Ohun tó bá ti lọ sí hótẹ́ẹ̀lì kì í padà.

Ìsopọ̀ kẹta, fún tọkọtaya: kí ọ̀kan gba ti Marriott, kí èkejì gba ti Hilton. Ilé kan náà á ní alẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Marriott àti ipò lọ́dọ̀ Hilton. Hilton tún gba mọ̀lẹ́bí láyè láti da pọ́ìntì pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin àti ẹni mẹ́wàá mìíràn. Bí ìsìnkú bá kan gbogbo ọmọ bàbá, pọ́ìntì kéékèèké ọwọ́ kálukú lè di yàrá fún ìyá.

Ẹ kíyè sí bí gbígba àwọn káàdì ṣe yẹ kó tẹ̀ léra. A mọ Chase sí ẹni tí kì í fún èèyàn ní káàdì tuntun bí ó bá ti gba márùn-ún láàárín oṣù 24, lọ́dọ̀ báǹkì yòówù kó jẹ́. Nítorí náà, ti Chase ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó lọ bá American Express. American Express ní tirẹ̀ kì í sábà fúnni ní ẹ̀bùn ìbẹ̀rẹ̀ lórí káàdì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbà á ní àsìkò tí ìnáwó ńlá kan, bíi tíkẹ́ẹ̀tì Oṣù Kejìlá, ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ má baà máa ra ohun tí ẹ ò nílò nítorí pọ́ìntì.

Gbígba yàrá fún òbí

Màmá ń bọ̀ láti Iléṣà, ọkọ̀ òfurufú wọn yóò gbéra lóru ọ̀la. Ọmọ wà ní Houston, ó ní pọ́ìntì. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé ìlànà yìí:

1. Ẹ pe ẹgbẹ́ hótẹ́ẹ̀lì náà, kí wọ́n fi orúkọ Màmá sórí yàrá gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù wọn.
2. Ẹ pe hótẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n jẹ́rìí sí i.
3. Ẹ béèrè iye owó ìdógò tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ Màmá bí wọ́n bá dé, kí wọ́n lè mú un dání.
4. Ẹ sọ fún Màmá pé oúnjẹ àárọ̀ lè má sí níbẹ̀. Ipò ọmọ kì í sábà tẹ̀ lé òbí bí ọmọ kò bá sí níbẹ̀.
5. Ẹ fi nọ́ńbà ìwé yàrá náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹni tó ń gbé Màmá lọ.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé

Ẹ fi káàdì kírẹ́díìtì san owó ìdógò bí ó bá ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá dì í mú lórí káàdì tó so mọ́ àkáǹtì, owó tí ẹ fẹ́ ná ni wọ́n dì mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé POS wá síwájú yín; ẹ má jẹ́ kí káàdì kúrò lójú yín. Bí ẹ̀rọ náà bá béèrè bóyá dọ́là ni tàbí náírà, ẹ yan náírà, kí báǹkì yín ṣẹ́ ẹ fúnra rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì kí ẹ tó jáde. Bí pọ́ìntì kò bá wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, rìsíìtì yẹn ni ẹ ó fi béèrè ẹ̀tọ́ yín.

Àyẹ̀wò ọdọọdún

Kí owó ọdọọdún tó bọ́ sórí káàdì, ẹ jókòó ti ìwé yín. Ṣé ẹ lo alẹ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún tó kọjá? Ọdún kan ló ń lò kó tó kú. Ṣé ẹ̀yin ì bá san iye owó ọdọọdún náà fún alẹ́ yẹn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ ní kí báǹkì sọ káàdì náà di èyí tí kò gba owó, tàbí kí ẹ pa á. Pọ́ìntì tó ti wọ àkáǹtì Hilton tàbí Marriott kì í bá káàdì lọ. Ti Sapphire ló máa ń lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbé e sí hótẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó pa káàdì náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú káàdì kan, kí ẹ sì san gbèsè rẹ̀ pátápátá fún ọdún kan gbáko kí ẹ tó wá èkejì. Bí pọ́ìntì kò bá sì tó ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé, ẹ san owó yín ní Mafolúkù, ẹ sùn dáadáa, kí ẹ sì máa bá ìrìn àjò yín lọ láàárọ̀.